Olè Tó Ń Pariwo "Iná!": Ẹ̀kọ́ Lórí Ìkìlọ̀ Fáírọ́ọ̀sì Ayédèrú



  Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni. Yálà Ugbowo ni a ń gbé tàbí Sapele Road, yálà Ọjà Ọba ni a ti ń tajà tàbí ọjà New Benin, ó ṣòro kí a tó rí ilé kan nínú wa tí fóònù kò sí. A bẹ̀ yín, bí ẹ bá kà á tán, kí ẹ kà á sókè fún àgbà tí ojú rẹ̀ kò ríran kàwé mọ́ àti fún ọmọdé tó ń fi fóònù ìyá rẹ̀ ṣeré.

1. OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Iṣáì, àwa tí a ń ṣètò ìwé yìí jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́. A ń kọ orúkọ àwọn tó ń dá owó àgbò Iléyá jọ sínú rẹ̀. A fẹ́ wo nǹkan kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a sì tẹ ibì kan. Lójijì ni gbogbo ojú kọ̀ǹpútà di pupa fòò. Agogo ń dún kíkankíkan bí ẹni pé ilé ń jó. Ohùn obìnrin kan ń sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé fáírọ́ọ̀sì ti wọlé, pé wọ́n ń jí orúkọ àti owó wa kó lọ́wọ́lọ́wọ́, pé a kò gbọdọ̀ pa ẹ̀rọ náà, pé kí a pe nọ́ńbà kan kíákíá. Orúkọ Microsoft wà lókè rẹ̀ gàdàgbà.

Ká sọ òótọ́, àyà wa já. Owó tí àwọn ènìyàn wa fi òógùn ojú wọn kó jọ ni a ń rò. Ọwọ́ wa ti ń lọ síbi fóònù láti pe nọ́ńbà náà nígbà tí ọmọ wa kan, tó ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ, ké sí wa pé, "Ẹ dákun, bàbá, ẹ má pè é o! Ẹ jẹ́ kí n pa á." Ó tẹ ibi tí wọ́n fi ń tan kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀, kò sì gbọ́wọ́ kúrò títí ẹ̀rọ náà fi kú. Nígbà tí a tún tàn án, kò sí agogo, kò sí ohùn obìnrin, orúkọ àwọn ènìyàn wa sì pé pérépéré.

Ní àsàlátù ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a sọ ìtàn náà. Ìyá kan ní òun náà ti rí irú rẹ̀ lórí fóònù, òun sì tẹ ibi tí wọ́n ní kí òun tẹ̀, láti ìgbà náà ni owó ìpè kì í ti í sùn mọ́jú lórí fóònù òun. Bàbá kan dákẹ́ títí a fi tú ká, ó wá pè wá sí kọ̀rọ̀. Ó ní òun pe nọ́ńbà tí òun rí, òun sì sanwó. Ó ní òun kò tíì sọ fún àwọn ọmọ òun, nítorí ojú ń ti òun. Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ló mú kí a pinnu pé ẹ̀kọ́ yìí gbọ́dọ̀ jáde.

2. ṢÉ FÁÍRỌ́Ọ̀SÌ WÀ LÓÒÓTỌ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà. Fáírọ́ọ̀sì jẹ́ ètò tí ènìyàn kan fọwọ́ ara rẹ̀ kọ láti ba kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ẹlòmíràn jẹ́ tàbí láti jí nǹkan inú rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, èyí tí wọ́n ń pè ní ILOVEYOU tí ilẹ̀ Philippines jáde. Ó ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà bí lẹ́tà ìfẹ́, ó sì tàn ká ayé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, èyí tí a mọ̀ sí WannaCry ti ìwé inú kọ̀ǹpútà pa ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Kódà ó dá iṣẹ́ dúró ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nítorí náà, kì í ṣe pé a ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù fáírọ́ọ̀sì rárá. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé fáírọ́ọ̀sì gidi kì í lu agogo kó tó wọlé. Olè tó fẹ́ wọlé lóru kì í kan ilẹ̀kùn kó ní, "Ẹ jí o, olè ti dé." Èyí tó ń pariwo, ohun mìíràn ló ń wá.

3. OLÈ TÓ Ń PARIWO "INÁ!"

Ẹ jẹ́ kí a fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ọkùnrin kan wọ àárín ọjà níbi tí àwọn aláṣọ pọ̀ sí. Ó figbe ta: "Iná! Iná o!" Gbogbo ìyá ọjà dìde, wọ́n ń sá, ìsọ̀ ṣí sílẹ̀, àpò owó wà nílẹ̀. Ọkùnrin náà sì rọra ń kó o lọ ní tirẹ̀. Kò sí iná níbì kankan. Ariwo náà gan-an ni irinṣẹ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìkìlọ̀ fáírọ́ọ̀sì ayédèrú. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀rọ wa nígbà tí ojú rẹ̀ di pupa. Àwòrán lásán ni, bí ìgbà tí ènìyàn lẹ bébà mọ́ ara ògiri. Àwa ni yóò fọwọ́ ara wa ṣílẹ̀kùn: a ó pe nọ́ńbà, a ó gba áàpù sórí fóònù, a ó ka nọ́ńbà inú káàdì ATM fún wọn. Ìbẹ̀rù ni gbájúẹ̀ fi ń ṣí ilẹ̀kùn wa. Nígbà tó bá sì kó ẹrù tán, ìtìjú ló fi ń dí wa lẹ́nu. Bí a bá gba nǹkan méjèèjì yìí lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní agbára kankan lórí wa mọ́.

4. Ọ̀RỌ̀ NÁÀ KÌ Í ṢE TUNTUN

Àwọn àgbà inú wa yóò rántí ọdún 2004. Fóònù GSM kò tíì pé ọdún mẹ́ta ní Nàìjíríà nígbà náà, nítorí oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni ó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2004, ìròyìn kan gba Èkó kan pé àwọn nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pani: ẹni tí wọ́n bá pè, tó bá gbé e, yóò kú lójú ẹsẹ̀. Àwọn ènìyàn ń kọ nọ́ńbà náà ránṣẹ́ síra wọn, àwọn mìíràn kò sì gbé ìpè ẹni tí wọn kò mọ̀ mọ́. Ilé iṣẹ́ V-Mobile ìgbà náà, tó di Airtel lónìí, jáde láti sọ pé kò sí òótọ́ kankan nínú rẹ̀. Ẹ wò ó, àwọn tó tan ìròyìn náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n fẹ́ gba ará wọn lọ́wọ́ ikú.

Ní ọdún 2002, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà káàkiri ayé. Lẹ́tà kan ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ pé ẹni tó bá rí ìwé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ jdbgmgr.exe nínú Windows, tó ní àwòrán ọmọ béárì kékeré, fáírọ́ọ̀sì ni, kí ó pa á rẹ́ kíákíá. Àwọn ènìyàn wá a, wọ́n rí i lóòótọ́, wọ́n sì pa á rẹ́. Kò sì sí fáírọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ara Windows ni ìwé náà, Microsoft ló fi sí i. Àwọn fúnra wọn ló fọwọ́ wọn yọ nǹkan kúrò lára ẹ̀rọ wọn.

Nígbà tí WhatsApp dé, ìròyìn irú èyí tún wọ ibẹ̀. Láti ọdún 2017 ni ọ̀kan ti ń lọ káàkiri pé fídíò kan tó ń jẹ́ Martinelli ń bọ̀, pé yóò ba fóònù jẹ́, kò sì ní í ṣeé tún ṣe. Kò sí fídíò bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, lọ́dọọdún ni ẹnì kan máa ń fi ránṣẹ́ bí ẹni pé àná ni ó ṣẹlẹ̀.

Ti owó wá lágbára ju èyí lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà gbé àwọn ilé iṣẹ́ kan lọ sílé ẹjọ́ lórí àwọn ètò tó ń jẹ́ WinFixer, XP Antivirus àti àwọn mìíràn. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọn yóò fi ìkìlọ̀ hàn lójú kọ̀ǹpútà pé fáírọ́ọ̀sì ti kún inú rẹ̀, wọn yóò sì ta oògùn àìsàn tí kò sí. Àjọ náà ní ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tó ra á. Ní ọdún 2012, ilé ẹjọ́ dá ọ̀kan nínú àwọn tó wà nídìí rẹ̀ lẹ́bi pé kí ó san mílíọ̀nù 163 dọ́là.

Ẹ má sì ṣe rò pé àwọn tó wà ní kọ̀rọ̀ nìkan ló ń ṣe é. Ní ọdún 2019, ilé ìtajà ńlá kan ní Amẹ́ríkà, Office Depot, san mílíọ̀nù 25 dọ́là, ilé iṣẹ́ tó bá a ṣe ètò náà, Support.com, sì san mílíọ̀nù 10, láti parí ẹjọ́ pé wọ́n ń yẹ kọ̀ǹpútà oníbàárà wò lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń sọ pé àmì àìsàn wà nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n rí nǹkan kan. Bí ẹni tí wọ́n ń yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò bá ti dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí ọ̀kan péré nínú ìbéèrè tí wọ́n bi í, ètò náà yóò ní àmì àìsàn wà.

Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun náà nílò ìkìlọ̀ yìí. Ní ọdún 2023, ẹ̀sùn tó lé ní 37,000 ló dé ọ̀dọ̀ FBI lórí àwọn tó ń ṣe bí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tàbí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó fẹ́ ran oníbàárà lọ́wọ́, owó tó sì bá a lọ lé ní mílíọ̀nù 924 dọ́là. Àwọn àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n pàdánù owó náà.

5. ONÍRÚURÚ AṢỌ TÍ Ó Ń WỌ̀ WÁ SỌ́DỌ̀ WA

Bí gbájúẹ̀ bá ti pààrọ̀ aṣọ, ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ jẹ́ kí a ka àwọn aṣọ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

(a) Ojú ìwé pupa lórí fóònù. A ń wo eré tàbí a ń ka ìròyìn, ó sì jáde pé fáírọ́ọ̀sì mẹ́rin ti wọ fóònù wa, pé SIM wa yóò bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú méjì, àwọn nọ́ńbà sì ń kà sẹ́yìn. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ó lè kó áàpù búburú wọlé, tàbí kó forúkọ wa sílẹ̀ fún nǹkan tí a kò béèrè, tí yóò máa yọ owó ìpè wa lójoojúmọ́. Ohun tó ṣe ìyá wa tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè nìyẹn.

(b) "Tẹ Allow." Ojú ìwé kan yóò ní kí a tẹ Allow kí a tó lè wo fídíò, tàbí láti fi hàn pé ènìyàn ni wá. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, a ti fún un láyè láti máa kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wa. Láti ọjọ́ náà, ìkìlọ̀ fáírọ́ọ̀sì yóò máa jáde lórí fóònù wa, kódà nígbà tí a kò wo nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ló rò pé fóònù wọn ti ní àrùn, bẹ́ẹ̀ Allow ọjọ́sí ni.

(d) Agogo, ohùn àti nọ́ńbà. Irú èyí tó bá wa lójú kọ̀ǹpútà ni. Ẹni tó bá gbé ìpè yóò fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀. Yóò ní kí a gba áàpù kan bí AnyDesk tàbí TeamViewer. Àwọn áàpù yìí kì í ṣe ohun búburú fúnra wọn. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń lò wọ́n láti tún kọ̀ǹpútà ṣe láti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá gbà láàyè nípasẹ̀ wọn ń rí ohun gbogbo tí àwa náà rí, ó sì lè máa darí ẹ̀rọ wa bí ẹni pé òun ló jókòó sídìí rẹ̀.

(e) Ìpè "láti báńkì." Láti ìgbà tí BVN ti dé ní ọdún 2014 ni irú èyí ti ń jà. Ẹni náà yóò ní wọ́n fẹ́ jí owó inú àkáǹtì wa, tàbí pé BVN wa ní ìṣòro, kí a ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù wa fún òun kí òun lè dá olè dúró. Nọ́ńbà yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́. Bí a bá kà á fún un, àwa la ṣílẹ̀kùn.

(ẹ) Ìròyìn tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́. Èyí kì í gba owó lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń mú kí ìbẹ̀rù mọ́ wa lára, tó fi jẹ́ pé bí gbájúẹ̀ gidi bá dé, ilẹ̀ ti rọ̀ fún un.

6. BÁWO NI Ó ṢE MỌ ORÚKỌ FÓÒNÙ MI?

Ìbéèrè tí wọ́n bi wá jù ní àsàlátù nìyí. Ìyá kan ní, "Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Samsung ni mò ń lò, Samsung sì ni lóòótọ́. Bí kò bá rí inú fóònù mi, báwo ló ṣe mọ̀?"

Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Nígbàkúùgbà tí fóònù bá lọ síbì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó máa ń sọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́, kí ibẹ̀ lè to ọ̀rọ̀ bá ojú rẹ̀ mu. Bákan náà, láti ara nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ dátà wa fún wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n lè mọ orílẹ̀-èdè wa, nígbà mìíràn ìlú pàápàá. Ó dà bí ẹni tó rí fìlà àti agbádá wa ní Ring Road tó ní, "Ẹ káàárọ̀, bàbá Yorùbá." Ó rí aṣọ wa, kò rí inú àpò wa. Ojú ìwé lásán kò lè yẹ inú fóònù wò ní ìṣẹ́jú àáyá méjì kó ka iye fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú rẹ̀. Irọ́ ni.

7. ÀMÌ TÍ A FI LÈ DÁ A MỌ̀

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ fura. Bí ẹ bá rí méjì, ẹ má ṣe wádìí mọ́, ẹ pa á.

Èkíní, ó ń kán wa lójú: "Ìṣẹ́jú méjì ló kù." Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí kò fẹ́ kí a ronú, ó mọ ohun tí ìrònú yóò fi hàn wá.

Èkejì, nọ́ńbà fóònù wà nínú rẹ̀. Microsoft fúnra rẹ̀ ti sọ pé ìkìlọ̀ tòótọ́ láti ọ̀dọ̀ òun kì í ní nọ́ńbà fóònù nínú.

Ẹ̀kẹta, ó ń pariwo, ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń kọ̀ kí a pa á.

Ẹ̀kẹrin, ó ń béèrè nọ́ńbà káàdì, píìnì, BVN, tàbí nọ́ńbà tí báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, ó ní kí a fi káàdì ìpè tàbí káàdì ẹ̀bùn sanwó, kí a họ ọ́ kí a sì ka nọ́ńbà rẹ̀. Kò sí ilé iṣẹ́ gidi tó ń gba owó àtúnṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, ó ní kí a má sọ fún ẹnikẹ́ni. Èyí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀.

8. OHUN TÍ A Ó ṢE NÍGBÀ TÍ Ó BÁ JÁDE

Ẹ kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Ẹ gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ẹ má tẹ nǹkan kan nínú ojú ìwé náà, kódà ibi tí wọ́n kọ "Cancel" tàbí "Close" sí, nítorí òun náà lè jẹ́ tàkúté.

Bó bá jẹ́ fóònù, ẹ padà sójú fóònù ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá ṣí ibi tí àwọn áàpù tí ẹ ń lò wà, kí ẹ ti Chrome tàbí ohunkóhun tó ṣí i dànù. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà tí kò gbọ́ràn, ẹ tẹ Ctrl, Alt àti Delete pọ̀, kí ẹ yan Task Manager, kí ẹ sì pa ètò náà níbẹ̀. Bí èyí bá ṣòro, ẹ ṣe bí ọmọ wa ti ṣe: ẹ tẹ ibi ìtanná mọ́lẹ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi kú. Bí ẹ bá tún tàn án, tó béèrè bóyá kí ó dá ojú ìwé àtẹ̀yìnwá padà, ẹ kọ̀.

Lẹ́yìn náà, bí ọkàn yín kò bá tíì balẹ̀, ẹ yẹ ẹ̀rọ wò lọ́nà tó tọ́. Lórí fóònù Android, ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán tàbí lẹ́tà orúkọ yín tó wà lókè, ẹ yan Play Protect, kí ẹ sì ní kí ó yẹ fóònù wò. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows 10 tàbí 11, ẹ ṣí Windows Security, ó wà nínú rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Bó bá jẹ́ ti Allow, ẹ ṣí Chrome, ẹ tẹ àmì mẹ́ta tó wà lókè, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Notifications, kí ẹ pa ti gbogbo orúkọ tí ẹ kò mọ̀. Bó bá jẹ́ owó ìpè ló ń lọ, ẹ kọ STOP ránṣẹ́ sí 2442, èyí tí àjọ NCC fi lélẹ̀ láti dá ọ̀rọ̀ tí a kò béèrè dúró, kí ẹ sì pe ilé iṣẹ́ fóònù yín pé kí wọ́n yọ yín kúrò nínú ohun tó ń gbowó náà. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, ẹ pe NCC lórí 622.

Ẹni tó bá sì gbé ẹ̀rọ lọ fún alátùn-únṣe, kí ó ní kí ó fi ohun tó rí han òun. Bí owó bá pọ̀, kí ó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kó tó san án.

9. BÍ A BÁ TI KÓ SÍ I

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ará. Kò tíì pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n wákàtí kan lè yí ohun púpọ̀ padà, nítorí náà ẹ má dúró di ọ̀la.

Ẹ pa dátà àti Wi-Fi, kí ẹni náà má lè máa darí ẹ̀rọ yín mọ́. Ẹ gba fóònù ẹlòmíràn, kí ẹ pe báńkì yín lórí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM, kì í ṣe èyí tí ẹni náà fún yín. Ẹ ní kí wọ́n ti àkáǹtì àti káàdì pa. Lẹ́yìn náà, ẹ lo ẹ̀rọ mìíràn láti yí píìnì àti ọ̀rọ̀ àṣírí yín padà. Ẹ yọ áàpù tí wọ́n ní kí ẹ gbà kúrò. Ẹ kọ nọ́ńbà tó pè, àkókò, iye owó àti àkáǹtì tó lọ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ fún báńkì yín àti ọlọ́pàá, tàbí ọ́fíìsì EFCC tó wà níbí ní Benin City. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2015, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024.

Ohun kan tún wà o. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹnì kan lè pè pé òun yóò bá yín gba owó náà padà, kí ẹ kọ́kọ́ san owó díẹ̀. Gbájúẹ̀ kejì nìyẹn. Nígbà mìíràn, ti àkọ́kọ́ náà ló padà wá.

10. IṢẸ́ TÓ KÙ FÚN AGBOLÉ WA

Nínú Súrà Al-Hujurat, ẹsẹ kẹfà, Ọlọ́hun pàṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ pé kí wọ́n wádìí ìròyìn tí ẹni tí kò ṣeé gbára lé bá mú wá, kí wọ́n má baà fi àìmọ̀ ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá, kí wọ́n sì wá kábàámọ̀. Ẹ rò ó wò: ojú ìwé tí a kò mọ ẹni tó kọ ọ́, nọ́ńbà tí a kò mọ ẹni tó ni ín, ìròyìn WhatsApp tí kò lórúkọ. Bí a bá ń ṣe ìwádìí kí a tó gbà, kí a sì tó fi ránṣẹ́, àṣẹ Ọlọ́hun ni a ń tẹ̀ lé.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe fi àwọn òbí yín ṣe yẹ̀yẹ́. Bí bàbá bá wá sọ pé òun ti tẹ nǹkan kan, tí ẹ bá fi rẹ́rìn-ín tàbí tí ẹ bá jágbe mọ́ ọn, kò ní í sọ èkejì fún yín mọ́. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ jókòó tì í, kí ẹ bá a tún un ṣe.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ṣèèṣì tẹ nǹkan lórí fóònù yín lè sá tọ̀ yín wá láìbẹ̀rù pàṣán. Ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ wa pé ẹni tó yá gbájúẹ̀ ní àkáǹtì báńkì rẹ̀ láti gba owó, ó ti bá a jalè, harámù ni, òfin yóò sì mú un.

Bàbá wa tó pè wá sí kọ̀rọ̀ ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ báyìí. Owó náà kò tíì padà. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ ọ̀rọ̀ òun sínú ìwé yìí, ó ní bí ó bá gba ẹnì kan ṣoṣo sílẹ̀, ó tó òun. A gbàdúrà kí Ọlọ́hun fi ọ̀nà mìíràn san án padà fún un.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀJỌSỌ NÍNÚ ILÉ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín fáírọ́ọ̀sì gidi àti ìkìlọ̀ ayédèrú?
2. Kí ló dé tí ojú ìwé kan fi lè mọ orúkọ fóònù wa láìrí inú rẹ̀?
3. Ẹ ka àmì mẹ́fà tí a fi ń dá gbájúẹ̀ yìí mọ̀.
4. Bí agogo bá ń dún lójú kọ̀ǹpútà, kí ni ohun àkọ́kọ́ tí a ó ṣe?
5. Nọ́ńbà báńkì wo ni ó yẹ kí a pè, níbo ni a sì ti lè rí i?
6. Nínú ilé yín, ta ni àgbà tàbí ọmọdé lè sá tọ̀ bí ó bá ti tẹ ohun tí kò yẹ? Ẹ dárúkọ rẹ̀ lónìí, kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ wa, kí ó ṣọ́ owó wa, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa jẹun halálì. Áàmín.